Wọ́n kọ̀ mí nínú ìwádìí họ́mónù lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ire
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́.

Ó ti tó ọdún méjì tí ara mi ti yí padà. Ojú mi wú, ó rí roboto. Ikùn mi yọ síwájú, àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ mi gbẹ. Ẹran kan yọ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Bí mo bá kàn fara gbá ilẹ̀kùn báyìí, ojú ibẹ̀ á dúdú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ìgbádùn ló pọ̀ jù fún mi. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tiẹ̀ gé mi kúrò nínú fọ́tò tí a jọ yà, ó ní mo gba ààyè jù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Dókítà kan wò mí, ó ní ó jọ àìsàn Cushing, ìyẹn ni pé họ́mónù tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù pọ̀ jù lára. Ó ní àwọn kan ń ṣe ìwádìí oògùn tuntun tó ń dín in kù, kí n lọ forúkọ sílẹ̀. Mo lọ. Ẹ wá wo ìyà. Wọ́n fún mi ní kẹ́ẹ̀gì tí mo ní láti máa tọ̀ sí fún wákàtí 24. Mo dì í sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e sábẹ́ tábìlì mi níbi iṣẹ́, mo sì ń fi ẹsẹ̀ bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ni. Bó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, màá fi òwú sẹ́nu, màá máa rún un títí itọ́ á fi rin ín gbingbin. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi máa ń wà níwájú ilẹ̀kùn wọn kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ mi.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, nọ́ọ̀sì wọn pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní wọn ò lè gbà mí, pé èsì mi ò bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka ìwé. Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ti tún pè lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbé e. Ṣé mo lè fi ẹjọ́ wọn sùn? Ibo ni mo ti lè rí ìwádìí mìíràn tó máa gbà mí?

Bàbá Káyọ̀dé
Ta ló ní kí ẹ lọ fi ara yín ṣe eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò? Hóró tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń kó fún àwọn èèyàn níbẹ̀. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀ yín.

Bísọ́lá T.
Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Èmi wà nínú ìwádìí kan rí nígbà tí thyroid mi, ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mónù nínú ọrùn, ń ṣiṣẹ́ jù. Àyà mi ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Carbimazole, oògùn tó ń rẹ thyroid sílẹ̀, ni wọ́n ń fún gbogbo wa, kò sẹ́ni tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú. Wọ́n kàn pín wa ni, àwọn kan á lò ó fún oṣù 18, àwọn kan á lò ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ ti ta ni kò ní padà wá. Wọ́n ka ìwé ìfọwọ́sí fún mi látòkè délẹ̀, wọ́n ní mo lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ lóyún títí ìwádìí á fi parí. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ara mi yá.

Ọ̀rẹ́ Òtítọ́
Àǹtí, ẹ máa rìn láràárọ̀, kí ẹ sì dín ṣúgà kù. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn tí mo fi sọ kílò 12 nù.

Bàbá Káyọ̀dé
Bísọ́lá, ọ̀rọ̀ thyroid kọ́ là ń sọ. Orúkọ ni àwọn oníwádìí ń wá, kì í ṣe ìlera ẹnikẹ́ni.

Délé M.
Bàbá, màmá mi ń gún insulin lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́. Lọ́dún 1922, ní Toronto, ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ti fẹ́ kú tán nítorí ìtọ̀ ṣúgà. January 11 ni wọ́n kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́ insulin. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n padà lọ sọ oògùn náà di mímọ́ sí i, wọ́n tún gún un ní January 23, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀. Bí wọn ò bá dán an wò lára èèyàn, mi ò ní ní màmá mọ́ lónìí.

Màámi Nọ́ọ̀sì
Ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ ná. Ìyá Ire, ẹ kú ara dídá. Ẹ sọ̀rọ̀ fọ́tò, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì, ẹ ò sọ ohun tí a máa fi ràn yín lọ́wọ́. Kọ́tísọ́ọ̀lù yín, iye wo ni wọ́n kọ? Oògùn wo sì lẹ ń lò?

Ìyá Ire
Bàbá Káyọ̀dé, mi ò fi ara mi ṣe eku. Ìnira ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ Òtítọ́, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò lè dìde lórí àga mọ́ láì fọwọ́ ti ara mi sókè, itan mi ò lágbára. Mà, mi ò lo oògùn kankan yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn.

Ọ̀rẹ́ Òtítọ́
Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ padà.

Màámi Nọ́ọ̀sì
Iye ni mo bi yín, àbúrò mi.

Ìyá Ire
Wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí mi, mi ò fẹ́ wò ó tẹ́lẹ̀ ni. Ti ẹ̀jẹ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀: 28 nmol/L. Ti ìtọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó kéré. Èyí tí wọ́n pè ní ACTH, wọ́n ní ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Ṣé kì í ṣe ohun tó dára nìyẹn? Wọ́n fẹ́ dín in kù, tèmi sì ti kéré.

Màámi Nọ́ọ̀sì
Kò dára rárá. Àárọ̀ ló yẹ kí kọ́tísọ́ọ̀lù ga jù, òru ló yẹ kó lọ sílẹ̀ jù. Iye tí ẹ rí láàárọ̀ yẹn fi hàn pé ara yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é mọ́. Ìdí tí wọn ò fi gbà yín nìyẹn: oògùn tó tún máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i lè pa yín.

Ojú yín rí bíi ti ẹni tó ní i ní àníjù, èsì yín sì ní kò sí. Méjèèjì kì í pàdé bẹ́ẹ̀ àyàfi bí nǹkan tó jọ ọ́ bá ń wọlé sára láti ìta. Sítẹ́rọ́ìdì ni, ìyẹn oògùn tó ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù. Ẹ̀yà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ á rí i pé ó ti pọ̀ nílẹ̀, kò ní fi ACTH, họ́mónù tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, ránṣẹ́ mọ́, ẹ̀yà méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, tó ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, á sì sùn lọ. Nítorí náà mo tún bi yín: abẹ́rẹ́ oríkèé, oògùn asthma tí wọ́n ń fà sẹ́nu, oògùn tí wọ́n ń kán, ìpara, èwo lẹ ń lò?

Ìyá Ire
Ìpara nìkan ni. Ìpara kì í ṣe oògùn, ohun tí wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù ni oògùn tí mò ń lò. Ara ló ń yún mi, ẹnì kan ló júwe rẹ̀ fún mi, ó sì ṣiṣẹ́. Clobetasol ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo máa ń fi pa gbogbo ara, bí mi ò bá fi pa á fún ọjọ́ méjì péré, mi ò ní sùn. Ó tán lọ́jọ́ Sátidé, mi ò tíì rí òmíràn.

Ní báyìí pàápàá òòyì ń kọ́ mi. Láti àná ni mo ti ń bì. Mo rò pé ìbínú wọn ló gbé mi dè.

Màámi Nọ́ọ̀sì
Ìyá Ire, ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀ka pàjáwìrì. Ẹ má dúró di ọ̀la. Clobetasol wà lára àwọn ìpara sítẹ́rọ́ìdì tó le jù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá, kó má sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ fi lò ó, ó wá dúró lójijì, ara yín ò sì ní tirẹ̀ nílẹ̀. Ìdí tí ẹ fi ń bì nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn báyìí gẹ́lẹ́: "Mo lo ìpara clobetasol fún ọdún mẹ́ta, mo dá a dúró lójijì, kọ́tísọ́ọ̀lù mi jẹ́ 28." Ẹ fi èsì yẹn hàn wọ́n. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone, tó ń rọ́pò kọ́tísọ́ọ̀lù, ni wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

Bísọ́lá T.
Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ẹ má dá lọ o.

Bàbá Káyọ̀dé
Ìpara lásán ló lè fa gbogbo èyí?

Màámi Nọ́ọ̀sì
Bàbá, awọ ara ń mu nǹkan. A ó sọ ọ́ lẹ́yìn.

Bàbá Káyọ̀dé
Ó yé mi. Ìyá Ire, ẹ dá wa lóhùn. Ẹ ti kúrò nílé?

Ìyá Ire
*(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)*
Ire ló gbé mi lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi tó máa ń ga ti já wálẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì so omi mọ́ mi lápá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èébì ti dúró. Hóró hydrocortisone ni mò ń lò báyìí, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa dín in kù, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí tara mi tó jí. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan ṣoṣo fò ó.

Mo pe nọ́ọ̀sì ibi ìwádìí yẹn padà. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pè mí, ohun tó fẹ́ sọ ni pé dókítà wọn ní kí n wá kíákíá, èsì mi ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí pé mo gé fóònù.

Mà, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí yún mi gan-an, awọ mi pupa, ó ń jó mi bí iná. Kí ni mo lè fi pa á?

Màámi Nọ́ọ̀sì
Ẹ má fi nǹkan kan pa á tí ẹ ò tíì fi hàn dókítà awọ ara. Ẹ ya fọ́tò gbogbo páálí tó wà nílé, ẹ mú un dání lọ.