Iye ìgbésẹ̀ láàárín ojú méjì nínú àpótí onílà

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní kí n gba nọ́ńbà mẹ́rin, x1 y1 x2 y2, kí n sọ iye ìgbésẹ̀ tó kéré jù láti ojú kìíní dé ojú kejì. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì nìkan ni a lè gbà. Mo kọ (x2-x1)+(y2-y1) ní Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), àmọ́ (2,7) sí (5,3) ń fún mi ní -1. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ará Ìgbọ̀nà: Àbúrò, àmì òdì ló fà á. x fún ọ ní 3, y fún ọ ní -4, wọ́n wá ń jẹ ara wọn. Ní Òṣogbo níbí, bí Ọláìyá ṣe jìnnà sí Òkè-Fìà náà ni Òkè-Fìà ṣe jìnnà sí Ọláìyá, kò sí òdì níbẹ̀. Fi abs (tó ń yọ àmì òdì kúrò lára nọ́ńbà) bo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó rò wọ́n pọ̀:

x1, y1, x2, y2 = map(int, input().split())
print(abs(x2-x1) + abs(y2-y1))

7 ló máa jáde. Má fi abs kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ o. 1 nìyẹn máa fún ọ.

Ayétòrò: Má sì yọ int yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ ni input ń gbé wá, kì í ṣe nọ́ńbà. TypeError (àṣìṣe pé irú nǹkan tí o lò kò bá ìṣirò náà mu) ló máa yọjú. Tó bá jẹ́ ìlà tààrà ni wọ́n fẹ́, ((x2-x1)**2 + (y2-y1)**2)**0.5 ni, yóò fún ọ ní 5.0. Má kọ ^2: 1 ni 3^2 nínú Python, torí àmì XOR (ìṣirò tó ń fi bíìtì nọ́ńbà méjì wéra) ni.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan-an, 7 ti jáde. Tí wọ́n bá gbà ká rìn igun sí igun ńkọ́?

Ará Ìgbọ̀nà: Mú èyí tó tóbi jù: max(abs(x2-x1), abs(y2-y1)). 4 ni, torí ìgbésẹ̀ igun kan ń jẹ x kan àti y kan pọ̀.