Kúkì, àrokò tàbí àmì? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu iṣẹ́

Nínú ìjíròrò wa lórí bí a ó ṣe máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, orúkọ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ báyìí fún ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní kúkì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tí ojú òpó kan ń fi pamọ́ sínú aṣàwákiri (áàpù tí a fi ń ṣí ojú òpó): ẹnìkan nínú wa ní ká pè é ní bisikíìtì, ẹlòmíràn ní àmì-ìdánimọ̀, àgbà kan láti Ọ̀yọ́ sì dábàá àrokò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọn yóò ṣe máa dán áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì wò kí àwọn oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí á gbé orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹnu iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó dùn létí níbi ìjíròrò lè kọsẹ̀ bí a bá fi fún ọmọ iṣẹ́ ní ìtọ́ni.

Bisikíìtì kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ṣe aṣàwákiri, lọ́dún 1994, kò ro oúnjẹ rárá nígbà tó mú orúkọ náà, cookie, tí í ṣe bisikíìtì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń lo Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń fi í pe ẹyọ ọ̀rọ̀ kékeré tí ètò kan ń fi lé ètò mìíràn lọ́wọ́. Bí a bá wá túmọ̀ oúnjẹ, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni a túmọ̀.

Àrokò fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Ẹ wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé sí ojú òpó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Set-Cookie yóò wà nínú èsì tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojú òpó náà, fún un, aṣàwákiri yóò tọ́jú ohun tó wà nínú ìlà náà, yóò sì máa gbé e padà fún sáfà nígbàkúùgbà tó bá tún fẹ́ béèrè ohun kan, láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. HTTP, ìlànà tí aṣàwákiri àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀ kì í rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán. Ní ti pé ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó gbé, àrokò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó di àrokò kọ́ ni ẹni tí yóò tú u, nígbà tó jẹ́ pé sáfà tó kọ kúkì ni sáfà tí yóò kà á. Mo sì rò pé ó yẹ kí á fi àrokò sílẹ̀ de àwọn tó ń wá orúkọ fún ọ̀rọ̀ tí a yí padà kí ojú àjèjì má baà lè kà á. Àwọn ló tọ́ sí jùlọ.

Àmì-ìdánimọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kúkì ló ń dá ènìyàn mọ̀, nítorí òmíràn kàn ń sọ pé Yorùbá ni oníbàárà fẹ́ máa fi ka ojú òpó ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àmì mìíràn wà nínú fọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń mọ̀ pé ojú òpó wa gan-an ni wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Bí mo bá ní kí ọmọ iṣẹ́ pa àmì rẹ́, èwo ni kó pa?

Nítorí náà, kúkì ni mo fara mọ́, bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Ibi tí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wà ní tòótọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ gbọ́ ìdánwò kan tí a máa ń ṣe: wọlé, da kúkì rẹ kọ, tẹ bọ́tìnì ìjáde, dá kúkì tí o dà kọ yẹn padà sínú aṣàwákiri, kí o wá ṣí ojú ìwé tó wà fún ẹni tó ti wọlé nìkan. Bí ojú ìwé náà bá ṣí, áàpù náà ní àbùkù, nítorí pé aṣàwákiri nìkan ló gbàgbé, sáfà kò gbàgbé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi “pa á rẹ́” pe méjèèjì, ìgbàgbé aṣàwákiri àti ti sáfà. Mo dábàá pé kí “pa kúkì rẹ́” jẹ́ ti aṣàwákiri, kí “fagi lé àbẹ̀wò” (ìyẹn àkókò tí sáfà fi mọ̀ pé ẹni náà ti wọlé) sì jẹ́ ti sáfà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní rò pé deleteAllCookies, àṣẹ tó ń pa gbogbo kúkì rẹ́ nínú Selenium, irinṣẹ́ tí a fi ń dán ojú òpó wò, ti dán ìjáde wò fún òun.

Ẹnìkan ní kí á máa sọ pé kúkì “kú”. Mo kọ̀ ọ́. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ oògùn ló bá a mu jù: ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ìyẹn bá Expires mu, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì tí sáfà fi ń sọ ìgbà tí kúkì yóò parí, nítorí ọjọ́ àti wákàtí ló wà nínú rẹ̀. Max-Age, ìkejì, ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, òun náà ló sì ń borí bí méjèèjì bá jọ wà. Fún tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé àkókò rẹ̀ ti pé. Èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì ni mo ń pè ní kúkì aláìlọ́jọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ “kúkì àbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan”, ṣùgbọ́n aṣàwákiri tí a bá ti ní kó ṣí gbogbo ojú ìwé àná padà lè dá kúkì bẹ́ẹ̀ náà padà, tí ẹ̀ẹ̀kan yóò sì di irọ́.

Secure, HttpOnly àti SameSite, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń fi kún kúkì láti dáàbò bò ó, kò nílò ìtumọ̀ ní tèmi, nítorí bí wọ́n ṣe rí yẹn ni a óò tẹ̀ wọ́n. Èyí tó kù ni kúkì tí ojú òpó mìíràn fi sílẹ̀ nígbà tí a wà lórí tiwa. “Kúkì àjèjì” ni mo ń lò báyìí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó fi sínú gbólóhùn ìtọ́ni kan fún ọmọ iṣẹ́ kó tó gbé e wá.