Ìwé-ẹ̀rí àwọn akáǹtáńtì ọ́fíìsì: báwo ni kí n ṣe tò ó?

ỌmọLéjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń to ìwé-ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ wa sínú Excel. Orúkọ ẹgbẹ́ ni mo fi pín in: ICAN àti ANAN (ẹgbẹ́ akáǹtáńtì Nàìjíríà), ACCA (ẹgbẹ́ akáǹtáńtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), CITN (ti owó orí), CFA (ti ìdókòwò), ISACA (ti ọ́dítì ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà). Lábẹ́ ICAN nìkan, ẹni tó ní ATS, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àṣekágbá àti ẹni tó ti di FCA (fellow, àgbà ọmọ ẹgbẹ́) wà lójú kan náà. Ọ̀gá ní kí n yọ àwọn tó lè buwọ́ lu ìwé ọ́dítì, n ò rí i yọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́nỌ́dítì: Ohun tí ìwé náà gbà kéèyàn ṣe ni kó o fi pín in. Ẹgbẹ́ á ní òpó (column) tirẹ̀, oyè á ní tirẹ̀, ipò náà á ní tirẹ̀. Ibi ipò ni wàhálà wà. Má jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Fi data validation (àkójọ tí Excel á fi hàn wọ́n) sí i kí wọ́n mú ọ̀kan: akẹ́kọ̀ọ́, ó ti yege, ọmọ ẹgbẹ́, fellow. Ìdánwò ACCA, 13 ni. Ẹni tó bá yege gbogbo rẹ̀, affiliate (ẹni tó ti yege àmọ́ tí kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́) ṣì ni títí ìrírí oṣù 36 á fi pé tí wọ́n á sì gbà á wọlé. Ẹni tó yege Level III, ìdánwò àṣekágbá ti CFA, náà ṣì nílò wákàtí iṣẹ́ 4,000, ó kéré tán láàárín oṣù 36. Kó tó pé, kò gbọdọ̀ kọ CFA sẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Má sì ju CNA, oyè ọmọ ẹgbẹ́ ANAN, sábẹ́ "àwọn yòókù" o. Òfin ló gbé ẹgbẹ́ yẹn náà dúró, láti 1993.

ÌyáFáìlì: Ní ti ìbéèrè ọ̀gá yín, jíjẹ́ ACA (ọmọ ẹgbẹ́ ICAN) nìkan kò tó. Láísẹ́ńsì àtiṣe ọ́dítì fúnra ẹni yàtọ̀ sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà FRC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìròyìn ìnáwó) náà tún wà lọ́tọ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó. Ọdún tó sábà máa ń wà nínú nọ́ńbà FRC, ọdún tí onítọ̀hún forúkọ sílẹ̀ ni; má fi mọ̀ bóyá ó ti san ti ọdún yìí.

Ìwé kan, ìlà kan. Bó o bá kó "ACA, ACTI, CISA" (oyè ICAN, CITN àti ISACA) sínú àpótí kan ṣoṣo, CISA kò ní hàn lọ́tọ̀ nínú àkójọ filter. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni kó o fi so àwọn ìlà náà pọ̀, torí obìnrin tó gba ACA kó tó ṣègbéyàwó, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìwé.

ỌmọLéjà: Ẹ ṣeun, mà. ATS àti ìwé QuickBooks ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́nỌ́dítì: ATS, ìpele technician ni, kò sí nínú àwọn chartered. QuickBooks, ìwé ẹ̀kọ́ọ́ṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò owó ni, ṣí sheet mìíràn fún un.

ÌyáFáìlì: Fi òpó ọjọ́ àtúnṣe kún un. CISA ń béèrè wákàtí CPE (ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́nu iṣẹ́) 120 láàárín ọdún mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ dín sí 20 lọ́dún. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ dúró de ọdún kẹta ti pẹ́ jù.