Orin ráàpù àkọ́kọ́ tí mo dá mix (po ohùn mọ́ bíìtì) nílé: kí ló ń bo ohùn mi mọ́lẹ̀?

ỌmọAlákétu
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kétu ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí orin ráàpù mi àkọ́kọ́, inú yàrá mi ni mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, míkírò USB kan báyìí tí ò wọ́n, láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi, àti BandLab, áàpù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Orí YouTube ni mo ti mú bíìtì, fáìlì MP3 kan ṣoṣo, ìlù, béèsì, dùùrù, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Yorùbá ilé wa ni mo fi ń ráàpù, mo wá já Faransé díẹ̀ sí ègbè. Níbi ègbè yẹn náà mo gbé ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí i, fóònù ni mo fi gbà á sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lù ú ládùúgbò wa, ìyáàlù yẹn dùn débi pé mi ò lè fi í sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá fi kásíkì tó ń bo etí gbọ́ ọ, ó pé, kò sóhun tó ṣe é. Kí n wá gbé e sórí fóònù báyìí, béèsì á pòórá, ohùn mi á jìnnà. Nínú mọ́tò bùrọ̀dá mi kan, béèsì ń mi dígí, èèyàn ò sì gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ mọ́. Gbogbo "s" tó wà níbẹ̀ ń gún etí. Mo gbé ohùn sókè títí iná ẹ̀ fi pọ́n, kò yí nǹkan kan padà, ó kàn ń ya ni. Mo ti fi reverb sí i, mo fi compressor sí i, mo fi autotune sí i, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó ń ṣe kí nínú wọn mọ́. Mo ti gbé orin náà síbí. Ẹ má torí pé mo jẹ́ ọmọdé kẹ́ ẹ máa yìn mí o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

BàbáBíìtì_Àjàṣẹ́
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Mo gbọ́ ọ ní spíkà, mo tún gbọ́ ọ lórí fóònù. Bó o ṣe ń to ọ̀rọ̀ dáa, pàápàá ẹsẹ̀ kejì, ibi tó o ti ń sáré bọ̀ tó o wá dúró lójijì yẹn, mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ò tíì dórí mix rárá. Yàrá ẹ ni. Ògiri sìmẹ́ńtì lọ́tùn-ún lósì, páànù lókè, ohùn ẹ ń lọ kan ògiri ó ń padà sínú míkírò, ìwọ wá tún gbé reverb, gbohùngbohùn àtọwọ́dá, lé èyí tí yàrá ti fi sí i. Èyí tí yàrá fi sí i yẹn ò ṣeé yọ o, kò sí plugin, irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, tó máa fọ̀ ọ́ mọ́ tí ò ní ba ohùn jẹ́. Tún ohùn gbà. Gbé fóòmù tó ò ń sùn lé dúró sẹ́yìn ara ẹ. Ẹ̀yìn ẹ ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀yìn míkírò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú fídíò, torí ọ̀dọ̀ ẹ ni míkírò kọjú sí, ohun tó bá ti ẹ̀yìn ẹ bọ̀ ló máa gbé. Fi aṣọ ìbora kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pa fáànù. Kí ẹnu ẹ jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó o yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má máa lù ú. Kí ibi tó o bá ti pariwo jù máa kan bíi -10 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo, 0 ni òpin ẹ̀), má jẹ́ kó kan 0, èyí tó bá ti ya nígbà tó ò ń gbà á, yíya náà ló máa wà.

Tó o bá gbà á tán, yọ gbogbo plugin. Gbogbo ẹ̀ pátá. Fa bíìtì wálẹ̀ gan-an, kó o wá máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìfi etí sílẹ̀. Ìwọ ń ti ohùn lọ sókè nígbà tó jẹ́ pé bíìtì ló yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mix ti ń parí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ gbọ́, plugin ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

ÒkèṢábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́ ti sọ̀rọ̀ lórí yàrá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kó tún gbogbo ẹ̀ gbà. Ègbè yẹn ní agbára kan nínú tó jẹ́ pé tó bá tún un ṣe, ó lè má padà wá. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó tún gbà, kó fi ègbè sílẹ̀, ìlù máa bo yàrá níbẹ̀.

Ní ti bíìtì, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ MP3 kan ṣoṣo, o ò lè dì mọ́ béèsì nìkan. Ohun tó o lè ṣe ni kó o fi EQ, tó ń dín apá kan ohùn kù tàbí fi kún un, sórí bíìtì, kó o dín in kù ní dB 2 tàbí 3 láàárín 2 kHz sí 4 kHz (Hz àti kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí), ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń yé èèyàn, bíìtì ẹ ló jókòó síbẹ̀. Lórí ohùn tìẹ, gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 sí 100 Hz dànù, ariwo ilẹ̀ àti èémí ló wà níbẹ̀. Compressor, tó ń fa ibi tó bá pariwo jù wálẹ̀ kí ohùn lè dọ́gba, 3:1 tó, má jẹ́ kó máa fa ohùn wálẹ̀ ju dB 5 lọ, torí èyí tó o fi síbẹ̀ báyìí ló ń gbé "s" yẹn jáde. Lẹ́yìn ẹ̀ kó o wá fi de-esser, tó ń dín gígún "s" kù, sí i láàárín 5 sí 8 kHz.

Béèsì tó ń pòórá lórí fóònù, má fìyẹn dára ẹ lẹ́bi. 808 yẹn, béèsì inú bíìtì ẹ, ń dún ní bíi 40 sí 60 Hz, spíkà fóònù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gbé e. Roland TR-808, ẹ̀rọ ìlù tó ni orúkọ yẹn, 1980 ló jáde ní Jàpáánù, ta ló ń fi fóònù gbọ́ orin nígbà yẹn! Àwọn tó bá ní béèsì lọ́tọ̀ máa ń fi saturation (yíya díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe) sí i kí ohùn òkè ẹ̀ lè jáde, etí á wá bá wọn parí ìyókù. O ò lè ṣe é lórí bíìtì tó ti lẹ̀ pọ̀ láìba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kọ̀wé sí ẹni tó ṣe bíìtì, bi í bóyá ó ń ta stems, ìyẹn ìlù, béèsì, dùùrù ní fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó o sì ka ohun tó kọ sísàlẹ̀ fídíò ẹ̀ dáadáa o, "free" yẹn sábà máa ń túmọ̀ sí pé o ò gbọ́dọ̀ fi pa owó. Tó o bá ń gbé e lọ Spotify, kọ́kọ́ ra ìwé àṣẹ ẹ̀.

Ìlù wá kù. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ká wá gbọ́? Lójú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀fẹ̀, akọrin ibẹ̀, á kọrin, ìlù á mọ ìgbà tó máa fún un láyè. Gé ìlù yẹn sí wẹ́wẹ́, gbé e sí ibi tó o bá ti mí, ìparí ìlà. Wọn ò wo aago lù ú, torí náà má na gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè bá bíìtì mu, ó máa dún bíi rọ́bà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kó o gbé sórí bíìtì. Gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní bíi 150 Hz kó má bàa bá 808 jà, kó o tì í sí apá kan díẹ̀, kí àárín ṣófo fún ẹnu ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Wàǹdó
Èmi ò mọ EQ o, mo kàn ń gbọ́ orin ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni mò ń gbọ́ nínú ẹsẹ̀ kejì tí ẹ ń yìn yẹn, ìyókù lọ. Ègbè sì pẹ́ kó tó dé, mo ti fẹ́ pa á kó tó wọlé. Níbi tó o ti ń kọ Yorùbá nínú ègbè, nǹkan ń fa ohùn ẹ, ọ̀rọ̀ tó o sọ kọ́ ni mo gbọ́, nǹkan mìíràn pátápátá ni mo gbọ́, ìgbà tó o tún un kọ ló tó yé mi. Faransé ibẹ̀ ò ní ìṣòro.

Ṣé o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìlù? Èmi kàn ń bi ẹ́ ni.

ÒkèṢábẹ̀ẹ́
Autotune lẹ gbọ́ yẹn, màmá. Ó ń fa ohùn lọ sórí nóòtì, kò mọ̀ pé ìlọsókè-sódò ohùn ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́. Àbúrò, fi í sórí Faransé nìkan, kó o yọ ọ́ kúrò lórí Yorùbá, tàbí kó o dín agbára ẹ̀ kù gan-an.

ỌmọAlákétu
Ẹ ṣé gan-an ni o, màmá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ìlù yẹn, ìyàwó bàbá mi ní kí n lọ bá olórí onílù, màá lọ. Mo gbọ́ ti ègbè náà, màá gé ìlà mẹ́rin kúrò níwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn wọn. Ohun kan ló kù: tí orin mi bá tẹ̀ lé ti àwọn ẹlòmíì, tèmi ń dún kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi limiter, tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibi kan, tì í títí tó fi máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáBíìtì_Àjàṣẹ́
Rárá o. Spotify máa ń mú gbogbo orin wá sí bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí odindi orin ṣe ń pariwo tó), YouTube náà máa ń fa èyí tó bá pariwo jù wálẹ̀. Èyí tó o tẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á fà á wálẹ̀, kò ní pariwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ìlù ẹ̀ á wá kú síbẹ̀. Fi limiter sí i níwọ̀nba, kí òkè ẹ̀ dúró ní -1 dB. Tó o bá fẹ́ fi wé orin ẹlòmíì, fa tiẹ̀ wálẹ̀ kí àwọn méjèèjì máa dún bákan náà kó o tó dá ẹjọ́, torí èyí tó bá ń pariwo jù ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù.

Má tún gbé e jáde ní MP3 fún wa, bíìtì ẹ ti jẹ́ MP3 tẹ́lẹ̀, o tún ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. WAV, fáìlì tí wọn ò tẹ̀, 24-bit.

ỌmọAlákétu
Ó yé mi. Alẹ́ ni màá gbà á, ojoojúmọ́ ni máṣíìnì ìránṣọ ẹnikéjì ilé wa ń dún títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìyá_Ìbejì_Wàǹdó
Tó o bá gbé e wá, orí fóònù tèmi ni màá ti gbọ́ ọ o, mi ò ní kásíkì. Ẹsẹ̀ kejì ni màá kọ́kọ́ lọ bá.