Àbọ̀ lórí gẹ̀ẹ́sì àwọn àlejò Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí pé báwo ni mo ṣe lè máa bá àwọn òyìnbó tí mò ń mú wọ Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo sọ̀rọ̀ tó máa yé wọn. Ẹni tó ní kí n máa lo gbólóhùn kúkúrú ló là mí: "Watch your step, please", "Please ask before you take photos", màá wá dúró díẹ̀ kí n tó máa lọ. Lórí WhatsApp, kí wọ́n tó dé ni mo ti ń fi "We meet at the gate at 9 a.m., please wear flat shoes" ránṣẹ́, ẹni tó bá wọ bàtà gogoro wá, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ti Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tó ṣe àwọn ère inú igbó náà, àti ti UNESCO tó fi igbó náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, mo ti há ìyẹn sórí. Àwọn ará Bràsíl tó wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí dẹ̀ rèé, gẹ̀ẹ́sì tiwọn gan ò ju tèmi lọ, "Oore Yèyé o", ìkíni Ọ̀ṣun, la fi kíra wa. Mo ti rí ìdáhùn mi o.