Router tó ní hard disk nínú: ta ló ti lò ó rí?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nílé wa: tèmi, ti bàbá wọn, àti èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Mo fẹ́ router kan tí á máa pín íntánẹ́ẹ̀tì, tí á sì máa kó ẹ̀dà fáìlì gbogbo wa pamọ́ sínú ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa fa wáyà káàkiri pálọ̀. Ta ló ti lo irú ẹ̀? Ẹ má polówó fún mi, ìrírí ni mo fẹ́ gbọ́.

Bọ̀dé_Peckham: Ẹ kú ilé mà. Time Capsule ti Apple ni mo lò. 2008 ni wọ́n gbé e jáde, ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta GB àti 1TB. Kò sóhun tí mò ń ṣe sí i. Bí laptop bá ti wà nílé, wákàtí wákàtí ló ń kó ohun tó bá yí padà lọ síbẹ̀. Fáìlì tí mo pa rẹ́ ní oṣù tó kọjá, mo lè padà lọ mú un. Àmọ́ Apple ti pa á tì láti 2018. Bí ẹ bá rí i ní Computer Village Ìkẹjà, tòkunbọ̀ ni, hard disk inú ẹ̀ á sì ti darúgbó.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ kọ́kọ́ ra inverter.

Àlàbí Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Òṣogbo): Ọmọ Ọ̀wọ̀ ti sọ ọ́ tán. Hard disk tó ń yí ò fẹ́ kí iná lọ lójijì, pàápàá tó bá ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Oníbàárà mi kan, ayafọ́tò, so tiẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn router. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, wọ́n tún mú un lọ, kí o tó ṣẹ́jú. Nígbà tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé etí lé e, mo dá a padà fún un. Fọ́tò ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti san owó tán.

Ṣadé_Houston: Yéè! Ìyàwó yẹn ńkọ́?

Àlàbí Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Wọ́n tún aṣọ wọ̀, wọ́n lọ ya òmíràn ní stúdíò. Ìyá ọkọ ló kọ̀ tí ò lọ. Wọ́n ní àwọn ò ní torí ìgbéyàwó kan ṣoṣo we gèlè lẹ́ẹ̀mejì.

Adé Òkè-Ọ̀nà: Àlàbí, ìtàn yìí ti dùn jù. Irọ́ ni.

Ṣadé_Houston: Irọ́ kẹ̀? Ẹ̀yin ò mọ ìyá ọkọ.

Adé Òkè-Ọ̀nà: Ta ló tilẹ̀ ń wo fọ́tò ìgbéyàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Tiwa wà nínú àpótí, eku ló ń wò ó.

Ìyá Ìbejì: Gèlè lẹ gbọ́, ẹ gbàgbé router mi.

Tẹkí_Ìlọrin: Ẹ má bínú mà. Ẹ má ra èyí tí disk wà nínú ẹ̀. Ẹ ra router tó ní ihò USB, kí ẹ so disk tiyín mọ́ ọn, kí ìkan má bàa kú kó mú èkejì dání. Ẹ rí i pé USB 3.0 ni ihò náà, kí router náà sì gbọ́ SMB2 tàbí SMB3, èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá disk ara router sọ̀rọ̀. Àwọn ti àtijọ́, SMB1 nìkan ni wọ́n gbọ́, òun sì ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ní oṣù karùn-ún 2017. Kí ọdún yẹn tó parí, Windows 10 tuntun ò gbé e wá mọ́. Ẹ á so disk tán, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí nǹkan kan. Ohun kan tún wà: disk USB 3.0 àti wáyà ẹ̀ máa ń da Wi-Fi 2.4GHz rú. Ẹ wá wáyà tó gùn díẹ̀, kí disk jìnnà sí eriali.

Bọ̀dé_Peckham: Ẹ̀gbọ́n Tẹkí, ìyá wo lẹ fẹ́ kó máa yẹ SMB wò?

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dé, áàkántáǹtì ni mí o. Mo lè yẹ SMB wò, mo sì lè yẹ ìwọ náà wò.

Bọ̀dé_Peckham: Mo dọ̀bálẹ̀ mà 😂

Dúró Ìjẹ̀bú: Iná nìkan kọ́ o. Bí òjò bá ti ṣú, bàbá mi á ní kí a yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíríìjì pàápàá. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Títí ààrá fi sán lóru ọjọ́ kan, tí router fi dúdú níbi tí wáyà ti wọ̀ ọ́, bí ìdí ìkòkò.

Adé Òkè-Ọ̀nà: Surge protector ńkọ́?

Dúró Ìjẹ̀bú: Àwọn ọmọ ti yọ ti iná. Wáyà tó ti orí òrùlé wá nìkan ló kù lára ẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà.

Ṣadé_Houston: Ìyá Ìbejì, disk tó bá wà lára router tọ̀sán-tòru, ẹ má fọkàn tán an pé òun nìkan tó. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, tó bá wọ laptop àwọn ọmọ, ó lè rìn dé disk yẹn. Ẹ má sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ fẹ́ máa wò ó láti ibi iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2021, ọ̀pọ̀ tó ní My Book Live, disk ti Western Digital tí wọ́n ń so mọ́ router, bá tiwọn lófìfo, àwọn kan ló gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé pa á rẹ́. Láti 2015 ni wọn ò ti tún sọ́fítíwíà ẹ̀ ṣe mọ́. Ẹ ra disk kejì, kí ẹ máa kó nǹkan sí i lóṣooṣù, kí ẹ yọ ọ́, kó máa gbé ọ̀dọ̀ màmá yín.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí Google.

Àlàbí Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Dátà ta ni?

Àlàbí Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ìgbà àkọ́kọ́, mà, ẹ fi wáyà so laptop mọ́ router. Tó bá ń gbé 10MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 500GB á gbà tó wákàtí 14. Ṣé ẹ níná tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Band A la wà. Wákàtí 20 lójúmọ́, lórí ìwé.

Tẹkí_Ìlọrin: Ẹ ra mini UPS nígbà náà, bátìrì kékeré tó ń gbé router ró bí iná bá lọ. Ẹ ka ẹ̀yìn ádápítọ̀ router kẹ́ ẹ tó rà á: 12V ni ọ̀pọ̀, àmọ́ 9V wà. Disk kékeré, oní-íńṣì 2.5, ni kẹ́ ẹ mú, inú USB ló ti ń gba iná. 3.5 ní ádápítọ̀ tiẹ̀, UPS router ò ní bá a dá sí i.

Ìyá Ìbejì: Èyí yé mi. Ẹ ṣé gan-an.

Dúró Ìjẹ̀bú: Bí òjò bá ti ṣú, ẹ yọ ọ́ o.

Bọ̀dé_Peckham: Ṣebí UPS ti wà níbẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ yọ?

Dúró Ìjẹ̀bú: Kí wọ́n yọ UPS náà.