Jíìnì fún ìpàdé ẹlẹgbẹ́ ní Àjàṣẹ́: kí ni kì í jẹ́ kó di omi ṣúgà?

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ogún èèyàn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣètò ìpàdé wọn, wọ́n jọ kàwé pọ̀ láyé Kérékou tó jẹ́ ààrẹ Benin, wọ́n sì ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí. Wọ́n fẹ́ pàdé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n mu ohun tí wọ́n ń mu nígbà náà lọ́hùn-ún: jíìnì pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà, jíìnì pẹ̀lú tóníìkì (omi oníhó tó korò díẹ̀), kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì máa tú jáde.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú rèé. Báàfù ńlá kan ni wọ́n máa ń po gbogbo rẹ̀ sí. Ife àkọ́kọ́ á dùn. Kó tó pé wákàtí kan, ó ti di omi ṣúgà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn jíìnì ò sí níbẹ̀ mọ́, ọsàn ti korò. Mo fẹ́ mọ ìwọ̀n tó yẹ fún ife kan, iye ìgò tó yẹ ká rà, àti bóyá a lè fi sódàbì (ọtí líle tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu) rọ́pò jíìnì. Àwọn méjì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá wa gba tiwọn rò.

Ọlọ́tíWàńdó

Ẹ kú ètò, ẹ kú ìnáwó. Báàfù yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́, jíìnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Yìnyín wẹ́wẹ́ tètè ń yọ́. Afẹ́fẹ́ inú tóníìkì ń sá lọ, torí omi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í lè dì í mú bí omi tútù. Ọsàn tí wọ́n gé sínú rẹ̀ náà ń rẹ síbẹ̀, funfun inú awọ rẹ̀ sì ń tú kíkorò sílẹ̀. Ẹ gbé báàfù tì. Inú ife ni kí ẹ ti máa po ọtí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Síbí ìjẹun 3 jíìnì, ìyẹn mílílítà 45, fún ife kan. Tóníìkì ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, nǹkan bíi mílílítà 135. Ẹ kọ́kọ́ kó yìnyín ńláńlá sínú ife títí á fi kún dé ẹnu. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn níbí, wọ́n á ní yìnyín púpọ̀ á sọ ọtí di omi. Ọ̀tọ̀ ni bó ṣe rí: yìnyín ẹyọ méjì inú ife á tètè yọ́ tán sínú ọtí, àmọ́ tí ife bá kún, wọ́n á jọ máa tutù, yíyọ́ wọn á sì falẹ̀. Ẹ da jíìnì lé e. Ẹ tẹ ife díẹ̀, kí ẹ rọra jẹ́ kí tóníìkì máa gba ẹ̀gbẹ́ ife ṣàn wọlé. Ẹ ti síbí dé ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó. Ẹ fún ìdá kan nínú mẹ́rin ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, kí ẹ ju awọ rẹ̀ nù.

Ẹ wo ara ìgò jíìnì kí ẹ tó sanwó. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí wọ́n pe ọtí tí agbára rẹ̀ kò tó 37.5% ní jíìnì, èso juniper ló sì gbọ́dọ̀ léwájú nínú adùn rẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ á sọnù sínú yìnyín.

Fún ogún èèyàn, ife méjì méjì, ogójì ife nìyẹn. Ìgò jíìnì tó jẹ́ sáńtílítà 70 máa ń bọ́ sí ife 15, nítorí náà ìgò 3 tó yín. Ní ti tóníìkì, ìgò kékeré 2 tó jẹ́ sáńtílítà 20 ló ń bọ́ sí ife 3. Ẹ ra 30. Ẹ má ra ìgò ńlá. Bí ẹ bá ti ṣí i nígbà mẹ́ta, ìhó rẹ̀ ti tán.

Èyí tó jọ ti àtijọ́ jù ni jíìnì ọlọ́sàn pẹ̀lú ṣúgà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ má fún omi ọsàn lásán kí ẹ sì bu ṣúgà sí i nínú ife, torí ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù, ìsàlẹ̀ ife ló máa ń jókòó sí, á sì jẹ́ pé kíkan lẹni náà ń mu títí á fi kan ṣúgà nígbẹ̀yìn. Ẹ ṣe omi ṣúgà ọlọ́sàn sílẹ̀ ní alẹ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ fọ ọsàn wẹ́wẹ́ 6, ẹ fi ọ̀bẹ mímú bó awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aláwọ̀ ewé nìkan la ń fẹ́: bí ẹ bá gbé awọ náà sójú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí funfun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ há a kúrò. Ẹ kó awọ náà sínú abọ́ tánńganran pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 250, ẹ fi ìka rún un pọ̀. Ẹ óò rí i pé ṣúgà náà ń rin, á dà bí iyanrìn etí òkun, òórùn rẹ̀ á sì gba yàrá. Òróró ara awọ ló ń jáde yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ọtí máa rùn bí ọsàn láìjẹ́ pé ó kan jù. Ẹ dé e fún wákàtí kan. Ẹ wá da omi gbígbóná mílílítà 125 sí i, ẹ rò ó títí ṣúgà á fi yọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó da omi ọsàn mílílítà 125 lé e. Bí omi ọsàn bá kan iná, adùn rẹ̀ á yí padà. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ gbé e sínú firíìjì, á lo ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, ọsàn máa ń jẹ ẹ́, ọtí á sì máa ta bí irin.

Síbí ìjẹun 3 jíìnì sí síbí ìjẹun kan àtààbọ̀ omi ṣúgà yìí. Ẹ kó o sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò pẹ̀lú yìnyín, ẹ dé e pa, ẹ gbọ̀n ọ́n gidi fún ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15, ẹ sẹ́ ẹ sínú ife tútù. Gimlet ni wọ́n ń pè é nílùú òyìnbó. Ohunkóhun tó bá ní ìhó, ẹ má gbọ̀n ọ́n o.

AráKétu

Ọ̀gá ọlọ́tí ti ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ sódàbì ni kí n dáhùn.

Sódàbì kì í ṣe jíìnì, ẹ má sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di jíìnì. Ẹmu tó ti kan ni wọ́n ń sè tí wọ́n fi ń rí i. Lápá ìsàlẹ̀ Benin, ọ̀pẹ tí wọ́n ti wó lulẹ̀ ni wọ́n sábà ń dá lẹ́mu, òórùn ọ̀pẹ náà sì máa ń bá ọtí dé inú ife. Bí ẹ bá da tóníìkì sí i, kíkorò tóníìkì àti òórùn ọ̀pẹ á máa bá ara wọn jà. Omi ọ̀pẹ òyìnbó funfun ti Aláda ló bá a mu: síbí ìjẹun 2 sódàbì, mílílítà 100 omi ọ̀pẹ òyìnbó, síbí tíì kan omi àtalẹ̀, yìnyín. Mo ní síbí 2 torí pé agbára sódàbì kì í dọ́gba láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, kò sì sí ìwé lára ìgò tó máa sọ fún yín.

Ewé efinrin dára púpọ̀ nínú jíìnì tóníìkì. Ewé 3, ẹ pàtẹ́wọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jù ú sínú ife. Ẹ má gún un. Bí ẹ bá gún un, kíkorò ewé á jáde, ọtí á sì dà bí àgbo.

Olùtọ́jú_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, sódàbì tí ẹ ò bá mọ ẹni tó sè é, ẹ má gbé e síwájú àwọn èèyàn yín. Lọ́dún 2015, ọtí ìbílẹ̀ tí methanol (irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé) wọnú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó sì tún pa àwọn míràn ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún náà. Ahọ́n kì í dá methanol mọ̀, imú náà kì í dá a mọ̀. Kí wọ́n ṣáná sí ọtí kí wọ́n máa wo àwọ̀ iná rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Bí ojú ẹni tó mu ún bá ń ṣú, tàbí tí inú ń run ún tó sì ń mí gúlegúle, kódà kó jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn ún mọ́jú.

Ní ti ọjọ́ orí: omi inú ara máa ń dín kù bí èèyàn ṣe ń dàgbà, nítorí náà ife kan náà tí kò ṣe nǹkan kan fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á le nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún. Mílílítà 45 jíìnì 40% ní nǹkan bíi gíráàmù 14 ọtí pọ́ńbélé nínú. Ara máa ń lò tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín ife kìíní àti ìkejì, kí oúnjẹ tó ní èròjà gidi ti wà níkùn ṣáájú: ẹ̀wà, ẹja, àkàrà.

Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kó tó di Sátidé. Ọtí àti púpọ̀ nínú àwọn oògùn náà jọ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òòyì á wá kọ́ni nígbà tí a bá dìde lójijì. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹni tó wà lórí metronidazole (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) kò gbọdọ̀ mu ún rárá. Mo tún ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé tóníìkì ń wo ibà torí kuníìnì inú rẹ̀. Lítà kan tóníìkì kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 83 kuníìnì lọ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àgbàlagbà bá lo kuníìnì fún ibà tó mílígíráàmù 600. Lítà méje tóníìkì ò tíì tó o. Àmọ́ kékeré yẹn náà tó láti da ara ẹni tí kuníìnì kì í bá lára mu láàmú, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó bu ún fún un.

Ẹlẹ́kajú_Sábẹ̀ẹ́

Bí ìpàdé yín bá bọ́ sí Fébúárì títí wọ Éépìrì, àsìkò kajú ni lọ́dọ̀ wa. Omi èso kajú pẹ̀lú jíìnì dára ju tóníìkì lọ lójú tèmi, ẹni tí kò fẹ́ ọtí náà sì lè mu ún bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń lé èèyàn sá ni pé ó máa ń ha ọ̀fun. Ẹ gé kóró rẹ̀ kúrò láìfọ́ ọ, òróró èèpo kóró náà máa ń jó ara. Ẹ fún èso náà, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ díẹ̀ nínú omi kó dà bí ẹ̀kọ mímu, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi nǹkan bíi síbí tíì kan rẹ̀ sí lítà omi kajú kan, díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Ẹ óò rí i tí omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì kọ́kọ́kọ́ bíi wàrà tó bàjẹ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn kókó náà ló ń kó ohun tó ń ha ọ̀fun lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ èyí tó mọ́ lókè. Mílílítà 45 jíìnì sí 90 omi kajú, yìnyín. Bí ẹ ò bá gbé omi kajú sínú yìnyín lọ́jọ́ náà, á ti máa hó kílẹ̀ tó mọ́.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Ó ku yìnyín. Firíìjì ilé náà kéré, yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò ló wà nítòsí.

Ọlọ́tíWàńdó

Ẹ ra ti ẹlẹ́ja kìlógíráàmù 15, àmọ́ ìgò nìkan ni kó kàn, kò gbọdọ̀ wọ ife. Ẹ fọ́ ọ sínú báàfù yẹn, ẹ da omi lé e kó bo àwọn ìgò dé ọrùn, kí ẹ bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Yìnyín láìsí omi kì í fi gbogbo ara kan ìgò. Pẹ̀lú omi àti iyọ̀, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni tóníìkì á ti tutù. Ẹ nu ẹnu ìgò kí ẹ tó ṣí i, omi ẹja wà lára rẹ̀.

Yìnyín inú ife, omi inú ọ̀rá ni kí ẹ dì. Ẹ to ọ̀rá náà sínú firísà láti Ọjọ́bọ̀, bí ogójì bá wọ ibẹ̀ ó ti tó. Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ wẹ ọ̀rá náà kí ẹ tó ya á, ẹ kó yìnyín náà sínú àpò aṣọ mímọ́, ẹ fi ọmọ odó gbá a lẹ́ẹ̀mejì péré kó pín sí ńláńlá. Bí ẹ bá gbá a jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tún di wẹ́wẹ́, a ó sì padà sídìí omi ṣúgà.